Oògùn Tí N Kì í Lò Lọ́sẹ̀ Alẹ́

Ẹ̀bà ni mò ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo mọ̀ pé nǹkan ti yí. Òkèlè kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀, ọ̀fun ń ta mí bí ẹni tó gbé ata mì. Mo wo dígí: ahọ́n mi ti funfun, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á títí, kò lọ. Múlíkátù, ìyàwó mi, ní, "Bàbá Ìdáyà, àbí ibà ló ń bọ̀?" Mo ní ibà ni. Irọ́ ni mo pa. Mo mọ ohun tó ń ṣe mí.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé mo ní kòkòrò HIV, èyí tí a ń pè ní apasójà ara, torí pé àwọn sójà tó ń gbèjà ara nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń pa. Oògùn kì í lé e kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́, kòkòrò náà á kéré débi pé ẹ̀rọ kò ní rí i mọ́, kò sì ní ran ẹni tí à ń bá sùn. Mo dé ibẹ̀ rí. Múlíkátù kò ní in. Ó mọ̀ nípa tèmi, ó dúró tì mí, àwa méjèèjì la jọ gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì pé a lè jáwọ́ nínú rọ́bà. Ó fọkàn tán mi. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ oníke kan lọ́nà Ìdíròkò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan àárọ̀, ọ̀sẹ̀ kan alẹ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo yàn fún oògùn mi, wọ́n sì ti ní kí n má máa yí àkókò padà. Lọ́sẹ̀ àárọ̀, kò sí wàhálà. Lọ́sẹ̀ alẹ́, ìdí ẹ̀rọ ni aago mẹ́sàn-án ń bá mi, àwọn síkọ́ríítì sì máa ń tú àpò gbogbo wa lẹ́nu géètì. Kí wọ́n wá bá oògùn lọ́wọ́ mi? Kí wọ́n máa fi mí ṣe ọ̀rọ̀ sọ nídìí oúnjẹ? Láéláé! Mo bá ń fi í sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ àárọ̀ bá padà dé, mo ń lo méjì-méjì, bí ìgbà tí à ń fi ofatáìmù dí iṣẹ́ tí a pa jẹ. Lójú tèmi, ó ti bára mu.

Àǹtí Rísí ni wọ́n fi ṣe alátìlẹ́yìn mi ní ọsibítù. Télọ̀ ni ní Àtàn. Òun náà ní kòkòrò yìí, ó ti ń lo oògùn tipẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa pe àwa yòókù, kó mọ bí a ti ń ṣe sí. Bó bá ti pè, èmi náà á ní, "Mo ti lò ó, Àǹtí mi." Á ní, "Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ, àbúrò mi." Mo ń ṣe àmín lé irọ́ lórí.

Nígbà tí mo rù tán, tí òógùn ń rẹ bẹ́ẹ̀dì lóru, mo lọ sí ọsibítù. Mo fa fìlà bojú lórí bẹ́ńṣì. Àǹtí Rísí wá jókòó tì mí. Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi jáde, nọ́ọ̀sì ní kòkòrò ti pọ̀ padà, ìdí nìyẹn tí ẹnu mi fi funfun. "A kì í lo méjì láti fi dí èyí tó fò. Bí ẹ bá ń fò ó, kòkòrò á mọ oògùn náà lójú, oògùn kò sì ní ká a mọ́. Ẹ mú ìyàwó yín wá fún àyẹ̀wò."

Mo jẹ́wọ́ fún Àǹtí Rísí. Mo rò pé á bú mi. Ó ní, "Háà, èmi ni mi ò béèrè dáadáa. Bóyá o lò ó ni mo ń bi ẹ́, mi ò bi ẹ́ ohun tó ń dí ẹ lọ́wọ́." Ìtìjú mi tún wá lé kenkà. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ọrùn mi. "Tírà yìí ńkọ́? Ṣé wọ́n máa ń tú òun náà?"

"Tírà kẹ̀! Ta ló jẹ́ dán an wò?"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rán awọ òfìfo kan bíi tírà fún mi tí ẹnu rẹ̀ ṣeé ṣí, oògùn ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ń fi ọ̀rá wé sínú rẹ̀. Ní báyìí, torí pé mo máa ń di tírà náà mú láago mẹ́sàn-án, àwọn ará ibiṣẹ́ ń pè mí ní Alfa. "Alfa, ẹ rántí wa nínú àdúà o!" Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń lọ mu omi.

Mo sọ fún Múlíkátù lójú Àǹtí Rísí, torí mi ò lè dá kojú rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Gbogbo ìgbà yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó lọ ń ká aṣọ lórí okùn, aṣọ tí kò tíì gbẹ.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò rí nǹkan, ṣùgbọ́n kòkòrò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè fara pamọ́, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀. A padà sídìí rọ́bà. Bó bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, àyà mi á já. Bó bá ní orí ń fọ́ òun, oúnjẹ á kúrò lẹ́nu mi. Ọjọ́ tí àyẹ̀wò kejì náà ní kò ní in, ẹ̀yìn ọsibítù ni mo lọ sunkún sí.

Ara mi ti padà bọ̀ sípò, ẹ̀rọ kò rí kòkòrò náà mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yìí tó gbà mí padà. Ìwọ tí o ń kà á, bí o bá ń fò ó, jọ̀ọ́, sọ ohun tó ń fà á fún ẹnì kan.

Lọ́sẹ̀ àárọ̀, ojú Múlíkátù ni mo ti ń lo oògùn mi. Bí mo bá ti gbé e mì, mo ń la ẹnu sílẹ̀ kó rí i pé ó ti lọ. Kò ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kò sì tíì ní kí n yéé ṣe é.