Kẹ́tù Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí àwọn olùwádìí wá wọn ilé wa ní Kalley, ládùúgbò kan ní Niamey, nítorí ìyá mi. Aṣọ ni mò ń tà, ìyá mi sì ti ń ṣarán. Ó lè jẹun tán kó ní ebi ń pa òun, ó sì máa ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ní Ìlọrin pè mí. Olùkọ́ yunifásítì kan, obìnrin ọmọ ẹ̀yà Zarma, ló mú wọn wá. Ó ní àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn láti ìlú òyìnbó jọ ń wádìí bí a ṣe lè tún ilé ṣe, kí arúgbó tí iyè rẹ̀ ń rá lè máa dá ilé rẹ̀ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí. Ta ni í ti òkè òkun wá nítorí arúgbó tí kì í ṣe ìyá rẹ̀? Ohun tó wà lẹ́yìn Ọ̀fà, ó ju Òjé lọ. Òyìnbó tó tẹ̀lé olùkọ́ náà fa téèpù yọ, ó wọn ẹnu ọ̀nà, ó wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ẹni tó wọn ilé onílé lónìí lè gbà á lọ́la. Bí kì í bá ṣe ilé, a jẹ́ pé ìyá mi ni wọ́n fẹ́ gbé lọ síbi tí wọ́n ń kó arúgbó pamọ́ sí lọ́dọ̀ tiwọn. Nígbà tí wọ́n bi mí bóyá ìyá ti ṣìnà rí, mo ní ìyá mi mọ Niamey ju awakọ̀ takisí lọ. Irọ́ gbáà ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Kí wọ́n tó lọ, olùkọ́ náà ní àwọn ń padà bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti ya fọ́tò, ó sì bẹ̀ mí kí n má ṣe gbé ohunkóhun kúrò láyè rẹ̀. Èyí gan-an ló wá mú mi fura jù. Ìfura loògùn àgbà, èmi tí n kò tíì dàgbà sì ti ń lo oògùn wọn. Mo ní wọ́n fẹ́ fi òṣì wa han ayé ni. Nígbà tí ọjọ́bọ̀ pé, mo kó àga tó ti dípẹtà, mo kó awọ àgùtàn tí ìyá mi fi ń kírun, mo sì gbé kẹ́tù tánganran aláwọ̀ búlúù tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ayé bàbá mi. Mo tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbálẹ̀, inú mi sì dùn pé mo gbọ́n.

Ìyá mi jáde láti ṣe àlùwàlá yálẹ̀ta. Ó wo ẹnu ọ̀nà títí, ó wá wò mí.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá,” ló pe èmi ọmọ rẹ̀, “ilé wa ni mò ń wá. Kẹ́tù wa wà lẹ́nu ọ̀nà.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ilé wa náà rèé, mo bá wọlé lọ wọ agbádá tí n ó fi gba àlejò. Nígbà tí n ó fi jáde, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àwọn olùwádìí bá mi níbi tí mo ti ń sáré kiri ládùúgbò láìwọ bàtà. Olùkọ́ náà kò bá mi wí. Ó kàn béèrè ohun tí mo gbé kúrò, mo sì sọ fún un.

“A ò ní wá ìyá mọ́,” ló wí. “Kẹ́tù ni ká máa wá.”

Òpópónà kẹrin la ti rí ìyá mi, níwájú ilé télọ̀ kan. Wọ́n ti tẹ́ ẹní fún un, kẹ́tù búlúù onílé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ẹ jókòó,” ló wí fún mi. “Ọmọ mi ò ní í pẹ́ dé láti ṣọ́ọ̀bù.”

Mo jókòó, mo sì sunkún níṣojú àlejò. Ọjọ́ náà ni mo tó sọ òtítọ́ fún wọn, gbogbo ìgbà tí ìyá ti sọnù. Ẹnikẹ́ni kò gba ilé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbé ìyá mi lọ. Ilé wa ló kú sí.

Lọ́dún yìí, ìyàwó mi fẹ́ gbé kẹ́tù náà jù nù, ó ní ó ti ń jò. Mo ní kó fi í sílẹ̀. N kò sọ fún un pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, n kò rántí ohun tí mo fẹ́ mú, àti pé èmi fúnra mi ni mò ń fura sí báyìí. Láàárọ̀, kí n tó kí ẹnikẹ́ni nínú ilé, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.