Àgbá Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Ìyá Àgbà Mi ní Kétu

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, òórùn kan gba ojú fèrèsé wọ yàrá mi ní Ìkòsí, mo sì sọ ife tíì ọwọ́ mi kalẹ̀. Òórùn igi tó ti mu ọtí fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, ó sì ń rùn bí ilé tí wọ́n ti tì pa tipẹ́.

Mo yọjú. Fẹ́mi, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, ti gbé àgbá onígi kan sáàárín ọgbà.

"Daddy, ẹ káàárọ̀ o! Igi óákù ni! Owódé Onírin ni mo ti rí i rà."

Ó ní bíà tí òun ń pọn fúnra òun ní kíṣìnì lòun fẹ́ dà sínú rẹ̀, kó pẹ́ níbẹ̀, kó gba adùn igi. Èmi tí mo rò pé igi óákù kan ṣoṣo ló wà láyé, ìyẹn èyí tó há Ábúsálómù lórí nínú Bíbélì! Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó bá mi rín in. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, tí àwọn ọmọ sì wà lókè òkun, èmi àti àga mi la jọ ń ṣe àwàdà.

Mo jókòó, ọkàn mi sì lọ sí Kétu.

Kétu ìgbà èwe mi kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ mọ̀. Oko ẹ̀gẹ́ ló yí wa ká. Bí ìgalà bá fẹ́ sọdá títì, ṣe ló máa ń dúró kí lọ́rì kọjá, á tún mirí kí dírẹ́bà. Bẹ́ ẹ ò bá tiẹ̀ gbà mí gbọ́, mo wà níbẹ̀.

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo, ni Ìyá Àgbà mi ń pọn tà. Inú àgbá òyìnbó kan tó bá ọkọ̀ ojú omi wá ló máa ń dà á sí kó lè kan dáadáa. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, igi àgbá náà á gbẹ, àlàfo á là láàárín pátákó, á wá máa jò bí ajẹ̀rẹ̀.

Bàbá Jósíà, tó ń fi àgbá títúnṣe jẹun, ló máa ń tún un ṣe. Ìlaròó ló ti wá, ilé rẹ̀ sì fara kan tiwa. Á tú òrùka irin tó de pátákó, á fi ọ̀bẹ ha inú àgbá, á fi háhá àgbọn dáná síbẹ̀ títí ara igi á fi dúdú, á wá gbá òrùka náà padà. Bó bá ń lu irin yẹn, àwọn ará Ìkòròdú máa ń dáhùn pé, "Wọlé o, a ò tilẹ̀kùn!" Ó wá ku ká máa bu omi sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí igi mu ún kó wú, kó fúnra rẹ̀ dí àlàfo ara rẹ̀. Èmi àti Jósíà, ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo, ló gbé iṣẹ́ omi yẹn lé lọ́wọ́.

"Omi lásán o," ló wí. "Nǹkan mìíràn ò gbọdọ̀ kàn án."

Àmọ́ mo ti dé kíláàsì kejì. Tíṣà ti kọ́ wa pé ibi tí ọṣẹ ò bá dé, àrùn ló ń gbé ibẹ̀. Mo gbóòórùn inú àgbá, mo ní ìdọ̀tí ni, mo sì lọ jí ọṣẹ ìfọṣọ Ìyá Àgbà.

"Bàbá mi ní omi lásán," Jósíà wí.

"Bàbá ẹ lọ sílé ìwé ni?"

"Kò lọ."

"Ṣó o wá rí i, olódo?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá mi po ọṣẹ. A fi omi ṣan àgbá náà lẹ́ẹ̀méjìlá. A ò mọ̀ pé igi tó bá ti mu ọṣẹ kì í bì í mọ́.

Lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yẹn, ẹnu àwọn oníbàárà hó. Ọkùnrin kan la ẹnu láti bú u, ìfófòó ló ń jáde, èébú náà sì fò lọ bà lórí igi ọsàn. Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá Jósíà. Ó ki ọwọ́ bọ àgbá, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ta ló fi ọṣẹ kàn án?"

Jósíà wò mí. Aláǹgbá kan wà lára ògiri, òun lèmi ń wò.

"Èmi ni, Bàbá," Jósíà wí.

Bàbá rẹ̀ nà án. Ìyẹn kéré. Ọ̀rọ̀ ti ká Kétu dé Ìkòsí pé àgbá tí Bàbá Jósíà bá tún ṣe, ọṣẹ lèèyàn ń mu nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé àgbá wá mọ́. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, wọ́n ti kó ẹrù sínú lọ́rì, ó di Ìlaròó. Orí àwọn òrùka irin ni Jósíà jókòó sí, ó ń pe orúkọ mi. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo wà. Mo gbọ́ ọ, mi ò jáde.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún ìyàwó mi, mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, wọ́n rín in títí. Nínú èyí tí mo sọ fún wọn, Jósíà ló fi ọṣẹ fọ àgbá.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo ti bojú wolẹ̀, tí mo rí Fẹ́mi tó ń ṣí ike ọṣẹ olómi. Mi ò mọ bí orúnkún mi tó ń dùn mí ṣe gbé mi dé ìsàlẹ̀.

"Gbé ọṣẹ yẹn sílẹ̀!"

"Daddy, germs ńkọ́?"

"Omi lásán, ọjọ́ mẹ́ta. Ọṣẹ kì í jáde lára igi."

"Haba, Daddy! Ta ló sọ fún yín?"

Orúkọ Jósíà ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

"Mo ti ṣe é rí," ni mo wí. "Èmi gan-an. Wọ́n na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ẹ̀, iṣẹ́ bàbá ẹ̀ sì bà jẹ́."

Fẹ́mi dé ike ọṣẹ náà padà. "Ẹ̀yà. Ṣé ẹ padà rí i?"

"Rárá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Daddy."

Ó na róbà omi sí mi, a sì jọ bu omi kún àgbá náà. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jò.

Kétu ti kún báyìí. Ibi tí ilé Bàbá Jósíà wà ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Igi nìkan ni kò kọ́ ìkánjú, ọjọ́ mẹ́ta náà ló ṣì fi ń mu omi. Lọ́jọ́ kẹta, àgbá Fẹ́mi ò jò mọ́. Ó pè mí wá wò ó, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé, èmi náà sì bá a yọ̀. Mo wá gòkè padà lọ jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi pamọ́ láti kékeré ti jáde lẹ́nu mi, àmọ́ ọmọ tí kò mọ Jósíà rí ni mo sọ ọ́ fún. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ, mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé.