Àáró Tí Ìyá Obed Kò Gbà Padà

Ẹni tí kò bá mọ Bernice Sẹ̀gilọlá dáadáa yóò sọ pé agbéraga ni. Irọ́ ni. Obìnrin náà kò gbéraga. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n sọ sí i nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò létí rẹ̀ mọ́.

Oyèdọ̀tun, ọkọ rẹ̀, ni ó kú nígbà tí Obed, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí jókòó ní Ọ̀rà, ìlú wọn, wọ́n ní kí Bámgbóyè, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ṣú u lópó. Bernice kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní òun kò ní lè ṣe é. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi oko ọ̀pẹ tí ọkọ òun gbìn sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, òun yóò máa bá a tọ́jú rẹ̀. Bámgbóyè rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Kí òjò kan rọ̀, kí ẹ̀ẹ̀rùn kan mú, ẹ ó rí i tí yóò máa bẹ̀ wá kiri."

Ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan fẹnu lásán sọ tán, tó sì nu ẹnu nù, tó lọ sùn, òun ni ẹlòmíràn gbé rù fún ọgbọ̀n ọdún.

Bernice kó lọ sí abà tó wà lẹ́yìn Ọ̀rà, ó ń gbé inú ilé alámọ̀ tí ọkọ rẹ̀ kọ́ sínú oko. Ó ń roko fúnra rẹ̀, ó ń pọnmi, ó ń ṣẹ́gi, ìgbà tí ògiri bá sán, òun náà ni yóò po amọ̀ tí yóò fi rẹ́ ẹ. Ohun kan tí kò lè ṣe ni gígun ọ̀pẹ, torí wọn kò gbọ́ ọ rí níbẹ̀ pé obìnrin gun ọ̀pẹ. Àjàyí akọpẹ ló máa ń bá a kọ ẹyìn, Bernice yóò sì gbé ìpín Àjàyí lé e lọ́wọ́ kó tó sọ̀kalẹ̀ tán. Epo ni ó fi rán Obed níléèwé títí ó fi di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Obed kì í ṣe ọmọ burúkú o. Ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń fi nǹkan ránṣẹ́, ó sì ń wálé ní Kérésì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Kérésì.

Ẹkù ni wọ́n ti ń fọ epo lábà náà, kòtò tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ nínú, tí wọ́n ń da ẹyìn sísè sí, tí wọ́n á sì máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi jáde. Iṣẹ́ ẹnìkan kọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin fi ń ṣe àáró: lónìí gbogbo wọn á wọ ẹkù lágbájá, lọ́la wọ́n á wọ ti làmọ̀rín, títí yóò fi yí wọn ká. Bernice kì í pa àáró ẹnikẹ́ni jẹ. Òun ni í kọ́kọ́ dé, òun ni í kẹ́yìn jáde nínú ẹkù. Àmọ́ bí ó bá kan tirẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á dé ibi ẹkù tó gbẹ́ sẹ́yìn ilé, wọ́n á bá a tí ó ti fi gbogbo òru tẹ ẹyìn tán, tí epo ti ń hó lórí iná. Á rẹ́rìn-ín sí wọn. "Ẹ má ṣèyọnu, mo ti ṣe é tán."

Ó rò pé ọmọlúàbí ni òun ń ṣe. Ó ń fún wọn lágbára rẹ̀, kò gba tiwọn, kí ni ènìyàn tún lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ? Nígbà tó yá, wọn kò wá mọ́. Nígbà tó tún yá, wọn kò ránṣẹ́ pè é mọ́ bí ó bá kan tiwọn. Wọn kò bá a jà. Wọ́n á kọjá níwájú ilé rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Obed," wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ.

Lọ́dún yìí, ọ̀pẹ so gan-an. Àjàyí kọ ẹyìn títí ìdì ẹyìn fi di òkìtì lẹ́yìn ilé. Ọjọ́ náà gan-an ni Bernice ń pọnmi bọ̀ láti odò, tí ẹrẹ̀ yọ̀ ọ́, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ti wú, kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọpo wà nílé Ọ̀rà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọlọ́kadà kankan kò gbà láti ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kọjá. Ẹyìn tí wọ́n ti kọ kì í sì í dúró de ẹni tí ara kò yá. Bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, yóò rà, epo rẹ̀ yóò kan, kò ní wúlò ju kí wọ́n fi ṣe ọṣẹ lọ. Òkìtì yẹn sì ni oúnjẹ Bernice títí iṣu tuntun yóò fi dé.

Ó jókòó ti ẹyìn, ó ń já a kúrò lára ìdì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin láti ẹkù tó wà létí odò. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n kí i, wọ́n kọjá. Inú bí i. Ṣé wọn kò rí ọ̀pá lọ́wọ́ òun ni? Wọ́n rí i. Ta ni yóò tún na ọwọ́ sí ẹni tó ti gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù láìmọye ìgbà?

Nígbà tí òkìtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, Bernice gbé ọ̀pá, ó tiro lọ sí ilé Tẹ́júọlá, aládùúgbò rẹ̀ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Tẹ́júọlá ń bó ẹ̀gẹ́ lójúde.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Obed. Ẹ jókòó. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti ń fúyẹ́."

Kò fúyẹ́ rárá. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Wọ́n sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó ń jẹ oko olóko. Tẹ́júọlá mọ ohun tó gbé Bernice wá, ó kàn ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ ni. Bernice dìde, ó ní òun ń lọ. Ìgbà náà ni Tẹ́júọlá fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ìyá Obed, ọdún tí màámi kú, ta ló tẹ ẹyìn mi?"

Bernice padà jókòó.

"Ẹ̀yin ni. Mò ń sunkún nínú yàrá, ẹ̀yin wà nínú ẹkù mi láti àárọ̀. Nígbà tó kan yín, mo jí ní kùtùkùtù, mo ní èmi ni màá kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ yẹn. Mo bá yín tí ẹ ti ṣe tán. Ẹ rẹ́rìn-ín sí mi. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹ̀yin wẹ̀ wá, ẹ ò jẹ́ ká wẹ̀ yín. Ẹ sọ wá di alágbe."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bernice lára. Ó fẹ́ dárúkọ Bámgbóyè, àmọ́ Bámgbóyè ti kú tipẹ́, àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ti gbàgbé. Òun nìkan ló kù tó ń bá a fà á. Ojú tì í.

"Tẹ́júọlá, ìwọ àti àwọn yòókù, ẹ wá bá mi tẹ ẹyìn lọ́la. Mo bẹ̀ yín."

Tẹ́júọlá mú ọ̀bẹ rẹ̀ padà. "Ẹ se ẹyìn yẹn kó jinná dáadáa. A ó dé kí oòrùn tó mú."

Wọ́n sì dé lóòótọ́. Wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n wọ ẹkù, wọ́n ń tẹ ẹyìn, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ tí Bernice ìbá fi odidi ọjọ́ ṣe, wọ́n parí rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó ti se àsáró sílẹ̀ fún wọn, nítorí ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ fún ló ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ìgbà tó fẹ́ bù ú fún wọn ló tó rí bí ilé rẹ̀ ṣe rí: abọ́ méjì péré, èyí tó ń lò àti èyí tí Obed ń lò tó bá wálé. Àpótí ìjókòó kan ṣoṣo.

"Ìyá Obed, ṣé àlejò kì í yà sílé yín ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n jẹun. Bernice bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún dé ọkàn.

Nígbà tí epo jinná tán, wọ́n fọ ẹsẹ̀, wọ́n ń wá bàtà wọn.

"Ẹ jókòó díẹ̀ sí i," Bernice wí.

"Kí ló tún kù tí a fẹ́ ṣe?"

"Kò sí nǹkan kan. Ẹ ṣáà jókòó."

Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọmọ ọ̀kan ń bọ̀ láti iléèwé. Ọ̀kan kò tíì so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gẹ́ Tẹ́júọlá wà nínú omi. Wọn kò parọ́, olúkúlùkù ló ní ilé tó ń dúró dè é.

"Ọjọ́bọ̀ ni àáró tèmi," Tẹ́júọlá sọ. "Bí ẹsẹ̀ bá ṣì ń dùn yín, ẹ wá bá wa dáná."

"Mò ń bọ̀," ni Bernice wí.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ohùn wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n yà níbi igi obì, ẹnìkan sọ nǹkan, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Bernice kò gbọ́ ohun tó sọ, kò sì sí ẹni tó lè bi léèrè.