Ẹran Rogodo Bàbá Mi

Kékeré ni mo ṣì wà, ní Òkè-Ìlá ní Adó, nígbà tí ìjọba rán bàbá mi lọ kọ́ṣẹ́ oṣù díẹ̀ ní Suwidini. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á rántí irú àwọn ará òkè òkun bẹ́ẹ̀: oṣù díẹ̀ ni wọ́n lò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ròyìn rẹ̀. Bàbá mi ń wọ kóòtù nínú ooru, ó ń fi fọ́ọ̀kì jẹ iyán. Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ẹran rogodo, ìyẹn ẹran lílọ̀ tí wọ́n mọ róbótó, tí wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń da ọbẹ̀ funfun lé lórí.

Ní ilé wa, ẹran ní ètò. Nígbàkigbà tí Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, bá ti Ìjan wá, òun ni í kọ́kọ́ mú, tirẹ̀ ló sì ń tóbi jù. A ó wá máa sọ̀kalẹ̀ bí ọjọ́ orí ṣe lọ, títí yóò fi kan Kọ́lá àbúrò mi, tí ẹran tirẹ̀ kò ju èékánná lọ. Ọmọdé tó bá tẹjú mọ́ ẹran àgbà, ìgbátí ni. A ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Kálukú ń retí ìgbà tí òun náà yóò dàgbà.

Lọ́dún yẹn, kókó kan wú sí Ìyá àgbà níkùn. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ, láìjáfara. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà láti wá dúró lọ́dọ̀ wa de ọjọ́ tí wọ́n dá. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà á. Bàbá mi ní oúnjẹ Suwidini ni yóò mú inú rẹ̀ dùn.

Kò sí ẹ̀rọ tí ń lọ ẹran nílé. Inú odó ni ìyá mi ti gún ẹran màlúù tútù, ẹ̀jẹ̀ ń ta sí i láṣọ, àwọn aládùúgbò ń yọjú wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó po ẹran náà mọ́ àlùbọ́sà, ẹyin àti burẹ́dì gbígbẹ tí mo fi ọwọ́ rún. Ó mọ ọ́n rogodo, ó dín in nínú bọ́tà. Ó wá dín fùláwà díẹ̀ nínú bọ́tà tó kù, ó da omi ẹran àti mílíìkì agolo sí i, ó ń rò ó títí ó fi ki.

Kó tó dín in ló ti sọ pé, “Bàbá Tóyìn, ẹ jẹ́ kí ti Màmá tóbi díẹ̀.”

“Rárá o! Lọ́hùn-ún, nǹkan kan náà ni ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ń jẹ.”

Ọ̀gá tí kì í jẹ́ kí akọ̀wé jókòó níwájú òun ní ọ́fíìsì ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ṣíbí wọn ẹran náà fúnra rẹ̀.

Mẹ́rin mẹ́rin kan kálukú, lórí iṣu sísè. Ìyá àgbà wo àwo rẹ̀, ó wo ti Kọ́lá, ó tún wo tirẹ̀.

“Dáre, mẹ́rin ni tèmi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Mẹ́rin ni ti Kọ́lá?”

“Ọgbọọgba ni, Màmá. Bí wọ́n ṣe ń...”

“Ìgbà wo lèmi àti Kọ́lá di ẹgbẹ́? Ẹ ti sin mí tán nínú ọkàn yín. Ẹran tí ẹ gún kúnná yìí, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà yín fẹ́ ṣe mí? Ẹ jẹ́ kí n máa lọ ulé mi.”

Ó yẹ kí bàbá mi dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rín ló rín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Suwidini. Kó tó parí àlàyé, Ìyá àgbà ti ń di ẹrù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tó fi dé ibùdókọ̀ Fájuyì, tó wọ ọkọ̀ Ìjan.

Bàbá mi gbé odidi itan ewúrẹ́ tẹ̀lé e dé Ìjan, ó sì dọ̀bálẹ̀ nínú eruku tòun ti kóòtù. Ìyá àgbà gba itan, ó pín in fún gbogbo ará ilé, láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Ó dárí jì í. Ṣùgbọ́n kò tẹ̀lé e padà wá ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Kí iṣu tuntun tó jáde, a ti sin ín. A ò gbọ́ Suwidini lẹ́nu bàbá mi mọ́.

Lóde òní, wọ́n ń ta ẹran rogodo ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, ó ti dì gbagidi. Àwọn ọmọ mi ń mú un nínú fíríìjì bó ṣe wù wọ́n, ẹnì kan ò dúró de ẹnì kan. Ìyá mi náà ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Inú yàrá ni wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ bá a, pẹ̀lú ẹran tó bá ṣẹ́kù. Kì í béèrè ẹni tó kọ́kọ́ mú. Á ní ẹ ṣé, á sì jẹ ẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.