Ọwọ́ Ìyá Kọ̀rọ̀ Nínú Kòtò Òrùlé

Ní gbogbo ilé ìfọkọ̀ tó wà lójú títì yẹn, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú tó ti Ìyá Kọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gùn tó tiẹ̀. Ẹnu náà làwọn èèyàn ń sá fún, ọwọ́ náà làwọn ọlọ́kọ̀ ń wá. Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò lẹ́ran lára, ó sì máa ń wọ abẹ́ ìjókòó, ẹ̀yìn iná, àti gbogbo ibi tí ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé, "Àyà ọkọ̀, ta ni ò lè fọ̀ ọ́? Kọ̀rọ̀ niṣẹ́ wà." Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Òun àti ọkọ rẹ̀ ló dá ilé ìfọkọ̀ náà sílẹ̀. Ọkọ po sìmẹ́ńtì, ìyàwó pọn omi, àbúrò ọkọ tí wọ́n ń tọ́ láti kékeré ń kó òkúta. Ìyá Kọ̀rọ̀ ló wẹ ọmọ náà, òun ló bọ́ ọ, "ọkọ mi kékeré" ló sì máa ń pè é bó bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n ọkọ kékeré. Lẹ́yìn náà ni ọkọ ńlá ṣàìsàn, àìsàn náà ò sì jẹ́ kó dìde mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú. Opó dìde, ó ní òun ò ní jókòó sílé kí ògiri máa wo òun, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó di ẹnu géètì. Àgádágodo tuntun ló bá níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò ṣí i. Ó dúró síta bí ẹni tó wá tọrọ iṣẹ́, àwọn tó ń kọjá ń kí i kú ọ̀fọ̀, títí ọkọ kékeré fi dé. Kọ́kọ́rọ́ tuntun wà lọ́rùn rẹ̀, ó so ó mọ́ okùn bàtà. Ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n kọ MÁNIJÀ gàdàgbà sí láyà. "Àwọn olè ti pọ̀ ládùúgbò," ló wí, kò lè wo ojú rẹ̀. Ìyá Kọ̀rọ̀ wò ó látòkè délẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò bá a sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́.

Àbí kí ló fẹ́ bá a sọ? Iyẹ̀pẹ̀ orí sàárè ọkọ rẹ̀ ò tíì gbẹ tí wọ́n ti tì í síta. Ìwà burúkú ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ṣùgbọ́n ẹni méjì ò lè jọ fọ ọkọ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìyá Kọ̀rọ̀ wá ọgbọ́n dá sí i, bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń bá sọ̀rọ̀. "Bọ́kẹ́ẹ̀tì, sọ fún Mánijà pé ọṣẹ ti tán." Mánijà á ní, "Ìyàwó wa, èmi rèé níwájú yín." Kàkà kó dá a lóhùn, á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀: "Bọ́kẹ́ẹ̀tì, àbí o dití ni? Mo ní ọṣẹ ti tán." Mánijà bẹ̀ ẹ́, ó rán àwọn àgbà sí i, ó ra aṣọ fún un, Ìyá Kọ̀rọ̀ fi aṣọ náà nu táyà. Nígbà tó sú Mánijà, inú bí i, òun náà wá ń bá sítíárì àti ẹ̀rọ omi sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ rò pé eré ni. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì, àwọn náà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọmọbìnrin Ìyá Kọ̀rọ̀ tó ń ránṣọ gbìyànjú tirẹ̀. Iyàrá kan ni ìyá àti ọmọ jọ ń gbé, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bàtà rọ́bà bàbá tó kú ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tó bọ́ ọ sí. "Màmá, ẹ bá bùrọ̀dá sọ̀rọ̀ jàre. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́." Ìyá ò gbé ojú sókè. "Èmi kì í ṣe ẹni tó ń fẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun," ló wí. "Rán aṣọ rẹ."

Ọkọ̀ dókítà eyín kan ló wá dá kún ọ̀ràn. Ọkọ̀ pupa ni, onílẹ̀kùn méjì, tí òrùlé aṣọ rẹ̀ máa ń ká sẹ́yìn bí dókítà, obìnrin ni, bá fẹ́ gba atẹ́gùn. Ẹni tí ò bá mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á rò pé ó rọrùn láti fọ̀. Irọ́ gbáà. Kòtò kan wà lẹ́yìn ìjókòó tí òrùlé ń wọ̀ sí bó bá ká, irin tí wọ́n kùn lọ́dà pupa ló sì yí kòtò náà ká. Bí òrùlé bá wà lókè, ìdérí á bo kòtò, ojú ò ní rí i. Bí òrùlé bá ká tán, òun fúnra rẹ̀ á jókòó lé e. Àfi kí wọ́n dá òrùlé dúró lágbedeméjì, kí ìdérí ṣí sílẹ̀, kí èèyàn wá na ọwọ́ gba abẹ́ àwọn irin tó ń gbé e. Ewé, iyanrìn àti oje igi ló ń kó jọ síbẹ̀, wọ́n sì ń jẹ ọ̀dà jẹ́jẹ́.

Dókítà dá ọkọ̀ náà padà lẹ́ẹ̀kíní, ó ní ewé wà nínú kòtò. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ kòtò ti dí, inú ọkọ̀ òun ń rùn bí aṣọ tí ò gbẹ. Ó bú Mánijà níwájú èrò bí ẹni ń bá ọmọ tó jẹ ṣúgà mọ́jú wí. Ojú ti Mánijà, ìtìjú náà sì di ìbínú. Ó kọjú sí ẹ̀rọ omi, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ayé lè gbọ́.

"Ẹ̀rọ, bá mi sọ fún Ìyá Kọ̀rọ̀. Bí dókítà bá tún rí ìdọ̀tí nínú kòtò yẹn, kí Ìyá Kọ̀rọ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó máa lọ. Kò tún ní ṣiṣẹ́ níbí mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìyá Kọ̀rọ̀ dé eegun. Kí wọ́n lé òun kúrò lórí sìmẹ́ńtì tí òun pọn omi rẹ̀? Ibo ni yóò lọ? Kò ní iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ òmíràn. Ó ní tí Mánijà bá ń wá ìdọ̀tí tí yóò fi lé òun, kó lọ wá a níbòmíràn.

Nígbà tí dókítà tún gbé ọkọ̀ náà dé, kò lọ síbì kankan. Ó fa àga, ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ó ṣí ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Mánijà jókòó sídìí sítíárì, ó tan ẹ́ńjìnnì kí bátìrì má baà kú, ó tẹ bọ́tìnnì. Òrùlé gbéra, ìdérí ṣí, ó dá a dúró lágbedeméjì.

"Sítíárì," ni Mánijà wí láìwẹ̀yìn, "sọ fún un kó bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀."

Òfin iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ti ọwọ́ bọ ibi tí ọ̀dà wà gbọ́dọ̀ bọ́ òrùka, kó bọ́ aago. Ìyá Kọ̀rọ̀ ló fi òfin náà kọ́ Mánijà nígbà tí ìyẹn ò tíì mọ ọṣẹ yàtọ̀ sí epo. Ó tiẹ̀ ti di òrùka náà mú, ó fẹ́ bọ́ ọ, kí ọkùnrin náà tó lanu. Bó ṣe wá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ báyìí, ó jáwọ́. "Bọ́kẹ́ẹ̀tì, sọ fún un pé ẹni tó fi í sí mi lọ́wọ́ nìkan ló lè ní kí n bọ́ ọ." Agídí ni, kò sì sí orúkọ mìíràn tí à bá pè é.

Ó bẹ̀rẹ̀. Kò fi páìpù sí i, nítorí omi líle á gba ibẹ̀ wọ inú ọkọ̀. Aṣọ rírọ̀ tó rin gbindin ló kọ́kọ́ tẹ́ lé ọ̀dà kí iyanrìn lè rọ̀. Ó gbé aṣọ náà kúrò, kò fà á, nítorí iyanrìn tí a bá fà lórí ọ̀dà, bí èékánná ológbò ló rí. Ó fọ aṣọ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó ṣàn án nínú èkejì. Ó wé òmíràn mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi nu abẹ́ àwọn irin. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ló fi gbo oje igi títí ó fi ṣí kúrò. Dókítà tó ń wò ó lókèèrè mi orí, a ò mọ̀ bóyá ti ìyìn ni tàbí ti ẹ̀gàn.

Igun kan ló kù, èyí tó jìnnà jù, níbi tí ihò omi wà. Ewé dúdú kan dí i lẹ́nu. Ìyá Kọ̀rọ̀ ti ọwọ́ wọ̀ ọ́ kọjá ìgúnpá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀.

Òrùlé tí wọ́n bá dá dúró bẹ́ẹ̀ kì í dúró pẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rọ̀ wálẹ̀, ẹni tó wà nídìí bọ́tìnnì ní láti máa gbé e padà. Ẹni yẹn ò sì rí ẹ̀yìn, ohùn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú kòtò ló ń gbọ́. Nígbà ayé ọkọ rẹ̀, "Gbé e!" kan péré ti tó. Wàyí o, irin bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìyá Kọ̀rọ̀ lápá.

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì," ló wí, "sọ fún Mánijà pé òrùlé ń bọ̀."

Mánijà gbọ́ ọ. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ti ń dun ún látọjọ́ yìí ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà. "Sítíárì, sọ fún un kó pè mí. Èmi ni kó bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo."

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ mi ti há."

"Kó sọ ọ́ fún mi!"

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì o!"

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá Kọ̀rọ̀ ò dákẹ́ ní tiẹ̀, ó ń pariwo, àmọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń pariwo mọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì ò sì níka tí yóò fi tẹ bọ́tìnnì. Ó di ewé náà mú, ó payín keke, ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ tagbára-tagbára. Lásìkò náà gan-an ni ẹ̀rù ba Mánijà, tó sì tẹ bọ́tìnnì. Òrùlé lọ sókè, ọwọ́ jáde, wọ́n gbọ́ ìró nǹkan tó ha irin. Awọ ìgúnpá ti bó. Ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lára ọ̀dà pupa nínú kòtò, òrùka ti fa ìlà funfun gbọọrọ kan.

Dókítà ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fa áńkáṣíìfù funfun yọ, ó wé e mọ́ igi Ìyá Kọ̀rọ̀, ó nu kòtò náà láti igun dé igun. Áńkáṣíìfù jáde ní funfun bó ṣe wọlé. Lẹ́yìn náà ló tan iná fóònù rẹ̀ síbẹ̀, ó sì rí ìlà náà.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, dókítà," ni Mánijà wí kíá. "Èmi ni mi ò tètè gbé òrùlé. Irin rẹ̀ ló ha á. Ẹ̀bi mi ni."

Ìyá Kọ̀rọ̀ yíjú sí i. Kó ṣáà ti dákẹ́ ni gbogbo ohun tó kù. Bó bá dákẹ́, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ò bọ́, ta ló sì mọ ìdákẹ́ ṣe tó o? Ṣùgbọ́n kí òun máa wọlé láràárọ̀, kí òun máa rántí pé ẹni tó ti géètì mọ́ òun lójú náà ló bo òun láṣìírí? Ó sàn kí wọ́n kúkú lé òun.

"Irọ́ ló ń pa fún yín, dókítà. Òrùka mi ni. Mi ò bọ́ ọ."

Dókítà wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yọ eyín," ló wí, "mi ò rí àwọn tó ń du ìrora mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ò ní rí ọkọ̀ mi níbí mọ́." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà, kò dúró kí òrùlé padé tán kó tó gba ẹnu géètì jáde.

Mánijà fa páìpù, ó ń fọ ilẹ̀ tí ò dọ̀tí, ìbínú ò jẹ́ kó rántí wá nǹkan tí yóò bá sọ̀rọ̀. "Kí lẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí? Mo fẹ́ gbà yín sílẹ̀! Ìdọ̀tí ni mo sọ, dókítà ò sì rí ìdọ̀tí! Ta ló bi yín léèrè?"

Ìyá Kọ̀rọ̀ da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì, igi, kànìnkànìn. Mánijà rí i pé ó ń lọ lóòótọ́. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ẹ gbọ́. Ti àgádágodo yẹn, kì í ṣe olè. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yin lẹ̀rù yín bà mí. Mo rò pé bí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ báyìí, ẹ máa kó àwọn èèyàn yín wá, ẹ máa ní kí n máa lọ. Mi ò sì níbòmíràn. Mo ní kí n yáa tì í kí ẹ tó tì í mọ́ èmi."

Ìyá Kọ̀rọ̀ nàró. Ọmọ tí òun wẹ̀? Ọmọ tí òun fẹnu fa ikun nímú rẹ̀ nígbà tí kò lè mí? Ẹni yẹn ló rò pé òun máa lé e síta? Inú bí i ju ti ọjọ́ tó bá àgádágodo lẹ́nu géètì lọ. Ó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó wo ọkùnrin náà lójú kòrókòró.

"Òmùgọ̀," ló wí fún un.

Mánijà dúró gbagidi. Òun ló bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ tún un sọ," ló wí.

Ó tún un sọ. Ó ní òmùgọ̀ ni, ó ní aláìmoore ni, ó ní orí rẹ̀ le ju irin òrùlé lọ, ó ní ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ò bá a mu láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, bí agbálẹ̀ tó jí ẹ̀wù ọ̀gá ló ṣe rí. Gbogbo èébú tó yẹ kó ti bú u láti ìgbà ìsìnkú ló ń dà lé e lórí, ọ̀kan ò dúró de èkejì. Mánijà dúró, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, omi ń dà nù lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tó rántí láti pa ẹ̀rọ omi.