Ta Ló Ba Ẹgbẹ́ Rọ́gíbì Wa Jẹ́?

Alhaji ló dá ẹgbẹ́ rọ́gíbì wa sílẹ̀. Rọ́gíbì tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti àwọn ọmọ olówó o. Ti àwọn òṣìṣẹ́ ni, èyí tí wọ́n fẹ́ràn lápá òkè ìlú Gẹ̀ẹ́sì: èèyàn mẹ́tàlá níhìn-ín, mẹ́tàlá lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá ti gbé ẹ ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó parí, gbé bọ́ọ̀lù fún wọn. Nígbà tí Alhaji kọ́kọ́ ti Ìbàdàn dé, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ríṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sì kọ́ wọn ní eré náà. Ìgbà tí wọ́n wá kó wá sí Peckham ní London, tí wọ́n rí àwọn ọmọ wa tó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀sìtéètì láìrí nǹkan ṣe, wọ́n ra bọ́ọ̀lù kan, wọ́n kó wọn lọ sí pápá Peckham Rye. Àwọn ọmọ yẹn ti di bàbá ọmọ báyìí. Ọmọ tèmi obìnrin wà lára àwọn tí wọ́n kó gbẹ̀yìn.

Èmi ò kọ́kọ́ gbà o. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ fọ́ orí ọmọ mi ni? Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń wọ híjáàbù, kó wá máa yí nínú ẹrẹ̀! Mo lọ bá Alhaji lórí pápá, ìjà ni mo bá lọ, ẹni tó bá sì mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi ò ní bíréèkì. Alhaji gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, wọn ò bínú, wọ́n kàn ní, "Ìyá ẹ̀, ẹ wò ó ná." Mo wò ó. Ọmọ tí kì í lè wo ojú tíṣà ẹ̀ níléèwé ló gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà yìí, tó ń pariwo mọ́ àwọn tó jù ú lọ pé kí wọ́n dúró sáyè wọn. Ìbínú mi bá yọ́ dànù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti di akọ̀wé ẹgbẹ́. Bí Alhaji ṣe máa ń mú èèyàn nìyẹn, wọn ò ní bẹ̀ ọ́, wọ́n á kàn ní kó o wá wo nǹkan.

Bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Lọ́jọ́ Sunday kan, wọ́n kó gbogbo wa lọ sí pápá tí a ti ṣeré lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tí a fẹ́ bá gbá bọ́ọ̀lù sì ń dúró dè wá níbòmíì. A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, wọ́n pe rẹ́fírì fún ọjọ́ Satide dípò Sunday. Lọ́jọ́ yẹn, a ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Kí la wá ṣe? Ohun tí àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń ṣe ni. A dákẹ́. Kóòṣì wa, ọkùnrin kan tó ń wa bọ́ọ̀sì, bẹ̀rẹ̀ sí í pe rẹ́fírì lábẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tí Alhaji bá ti pè é tán. Èmi náà ń dáhùn àwọn lẹ́tà kí wọ́n tó rí i. A ò jókòó pín iṣẹ́ o, nítorí tí a bá jókòó, ẹnì kan ní láti la ẹnu ẹ̀ kó sọ ìdí tí a fi jókòó. Ta ló fẹ́ wo ojú bàbá tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú, kó ní, "Ẹ ti ń gbàgbé"? Tí ọjọ́ ìbò alága bá dé, gbogbo wa á nawọ́ sókè, "Alhaji ni, Alhaji náà ni, kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún wa." Lẹ́yìn náà, oníkálukú á padà sídìí ohun tó ń bá wọn ṣe lẹ́yìn wọn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé iṣẹ́ mi gan-an nìyí. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kennington. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ ni pé ká má ṣe gba ṣíbí lọ́wọ́ arúgbó tó ṣì lè fọwọ́ ara ẹ̀ jẹun, bó ti wù kó pẹ́ lórí oúnjẹ tó. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ní ìyẹn. Tó bá wá di Sunday tí mo dé pápá, kíá, mo ti gba ṣíbí lọ́wọ́ Alhaji.

Lọ́dọọdún, káńsù máa ń ní ká kọ fọ́ọ̀mù tí a ó fi gba pápá fún sáà tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní pápá, líìgì ò ní gbà á. Nígbà tó kan ti sáà yìí, a kírun Jímọ̀ tán, Alhaji pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n na ẹnfílóòpù kan sí mi. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, mo ti kọ ọ́ tán. Bá mi fi ránṣẹ́ sí káńsù. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbà á kẹ́yìn." Mo ní, "Ó ti tán, sà."

Mo yọ ọ́ díẹ̀ nínú ẹnfílóòpù, mo rí ìkọ̀wé wọn tó ń wọ́ sókè wọ́ sílẹ̀. Mi ò kà á. Wallahi, mi ò ka ìlà kan níbẹ̀. Mo kàn sọ lọ́kàn mi pé àṣìṣe á ti kún inú ẹ̀, màá tún un kọ lórí kọ̀ǹpútà, wọn ò ní mọ̀, ojú ò sì ní tì wọ́n. Mo fi í sínú báàgì tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí pé ẹni tó yẹ kó gba ṣíìfítì ń ṣàìsàn, ṣé mo lè bá wọn wá. Mo lọ. Wọ́n tún pè mí lọ́jọ́ kẹta. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ibi iṣẹ́ ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń sùn. Jímọ̀ dé, Jímọ̀ kọjá. Èmi tí mo ní àgbà ń gbàgbé, mo gbàgbé.

Kóòṣì ló pè mí pé káńsù ti fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní pápá wa, líìgì sì ti ní ká lọ sinmi fún sáà kan. Ó ní, "Aunty, mo rò pé ẹ̀yin lẹ ṣe fọ́ọ̀mù yẹn?" Kí n tó dáhùn, ó ti mí kanlẹ̀. "Alhaji ti gbàgbé nìyẹn o." Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo tú báàgì mi. Ó wà níbẹ̀, lábẹ́ àwọn ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Ìgbà yẹn ni mo wá kà á, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀.

Mo fẹ́ sọ. Mo ní ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Ọ̀la wá di Sunday, wọ́n pe ìpàdé.

Àwọn òbí kún gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀sìtéètì wa, inú ń bí oníkálukú. Bàbá kan dìde, ó ní, "Inú òjò àti òtútù ni àwọn ọmọ yìí ti ń gbára dì. Ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ dárúkọ ẹ̀!" Mò ń wo bàtà mi. Alhaji bá dìde. Wọ́n ní, "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Èmi ni. Mo gbàgbé ni. Ẹ wá ẹlòmíì tó máa ṣe alága, ẹ fi ọmọ jòjòló yìí lé e lọ́wọ́."

Ẹgbẹ́ tó ti lé lógún ọdún ni wọ́n ń pè ní ọmọ jòjòló.

Ká ní wọ́n bú Alhaji ni, mi ò bá ti fò dìde. Wọn ò bú wọn. Pàtẹ́wọ́ ni wọ́n pa fún wọn. "Ẹ lọ sinmi, Alhaji. Ẹ ti gbìyànjú. Àgbà ló dé." Bàbá tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ ló mú wọn lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Mo jókòó síbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn. Ọlọ́run ló rí mi.

Bí a ṣe ń lọ sílé, ọmọ mi ń sunkún. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun sì ni kápútẹ́nì. Ó ní, "Mummy, it's not fair. Ṣé kò sí anybody tó lè bá Alhaji check ẹ̀ ni? Ẹ̀yin kọ́ ni secretary?" Mo ní, "Pa ẹnu ẹ dé níbẹ̀ yẹn!" Gbogbo èèyàn ọ̀nà ló yíjú wò wá. Ọmọ náà ṣíwájú mi lọ. Kò ṣe nǹkan kan, òótọ́ ló sọ.

Lọ́jọ́ Tuesday, bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, mo gba ilé Alhaji lọ. Ìyàwó wọn ló ṣílẹ̀kùn, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé láti Sunday wọn ò jẹun dáadáa. Mo bá Alhaji nídìí tábìlì, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò fà á.

"Akọ̀wé," wọ́n ní, "jókòó, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan. Mo rántí ìgbà tí mò ń kọ fọ́ọ̀mù yẹn. Orí tábìlì yìí ni. Mo rántí báírò tí mo fi kọ ọ́. Mo rántí pé mo fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò dé káńsù, kò sì sẹ́ni tó ní mo fún òun. A jẹ́ pé mi ò kọ ọ́. A jẹ́ pé orí mi ti ń fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ hàn mí." Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà kalẹ̀. "Mo mọ̀ pé mò ń gbàgbé, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Eléyìí ló bà mí lẹ́rù. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá àyè lọ́dọ̀ dókítà."

Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo yọ fọ́ọ̀mù náà, mo gbé e ka orí tábìlì níwájú wọn.

Wọ́n wọ awò ojú wọn. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé e láti ìlà dé ìlà, ó pẹ́ púpọ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni mo kọ ọ́."

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó pé?"

"Ó pé, sà. Kò sí ibi tí ẹ ti ṣìṣe."

Mò ń retí kí wọ́n bú mi. Mo fẹ́ kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn ní, "Kí ló dé tó o ò fi ránṣẹ́?" Mo sọ fún wọn pé mo rò pé àṣìṣe á ti wọ̀ ọ́, mo fẹ́ tún un kọ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, lẹ́yìn náà ni mo gbàgbé ẹ̀ sínú báàgì.

Wọ́n ní, "Bí kóòṣì ṣe ń tún rẹ́fírì pè lẹ́yìn mi."

Lá ìláhà illallah! "Ẹ mọ̀, Alhaji?"

"Rẹ́fírì ló bi mí pé kí ló dé tí ẹni méjì fi ń pe òun."

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn òbí ti dárí ji arúgbó, wọn ò ní dárí ji èmi. Mo ní rárá o. Ojú wọn níbẹ̀ ni mo ti gbé fóònù, tí mo fi ohùn ara mi sọ ọ́ fún gbogbo àwọn òbí nínú gúrúùpù wa: Alhaji kọ fọ́ọ̀mù, ó pé, wọ́n fún mi kí ọjọ́ tó pé, inú báàgì mi ló wà títí dòní, mo sì jókòó lójú yín lọ́jọ́ Sunday tí mo dákẹ́. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra. Mo dojú ẹ̀ dé.

Àwọn òbí gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yẹn, wọn ò sì jẹ̀bi. Líìgì ò yí ìpinnu ẹ̀ padà. Pápá onípápá ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré ní sáà yìí, tí ẹnì kan bá pè wá, àá lọ. Bàbá tó mú Alhaji lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà kì í dáhùn tí mo bá kí i. Ọmọ mi ló ń bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, ó tún ń bá mi gbé báàgì.

Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò nílé Alhaji lọ́jọ́ Tuesday yẹn, wọ́n ní kí n padà jókòó. Wọ́n ní, "Láti ọdún mẹ́ta yìí, mi ò mọ èyí tí mo gbàgbé, mi ò mọ èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi. Tí nǹkan bá ti bàjẹ́ báyìí, mo máa ń ní èmi ni. Kà wọ́n fún mi. Èyí tí mo gbàgbé lóòótọ́ nìkan ni kó o kà."

Èmi tí mo lè dá gbogbo ọ́fíìsì káńsù lóhùn, ẹnu mi wúwo. Mo wolẹ̀. Mo ní, ọjọ́ tí ẹ kó wa lọ sí pápá tí kì í ṣe ti ọjọ́ yẹn. Wọ́n ká ìka kan. Mo ní, rẹ́fírì ọjọ́ Satide. Wọ́n ká ìkejì. Mo ní, ọjọ́ tí ẹ pe ọmọ kan ní orúkọ bàbá ẹ̀, tí inú bí i. Ìkẹta. Mo ní, ìpàdé líìgì tí a ń retí yín tí ẹ ò wá. Ìkẹrin.

Wọ́n ń wò mí, wọ́n gbé ọwọ́ náà sókè, wọ́n ń retí èyí tó kù.

"Ó tán, sà."

"Mẹ́rin?" Alhaji ní. "Láti ọdún mẹ́ta, mẹ́rin péré?" Wọ́n sì fi ọwọ́ náà bojú, wọ́n sunkún.