Okùn Aṣọ Ìkélé Ìyá Ọba

Ọdún mọ́kànlá ni Geng Liuniang fi ṣọ́ okùn kan ṣoṣo. Okùn náà ló gbé aṣọ ìkélé tí Ìyá Ọba ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ró, níbi tó ti ń bá àwọn ìjòyè ṣe ìjọba. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọba nígbà tí bàbá rẹ̀ wàjà. Ó ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí, irun ti ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn aṣọ ni àṣẹ ṣì ti ń jáde.

Òfin iṣẹ́ Liuniang kò ju ẹyọ kan lọ: bí Ìyá Ọba kò bá tíì kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú okùn. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀ kánjú tú u lọ́jọ́ kan, àwọn ìjòyè sì rí ojú Ìyá Ọba. Wọ́n nà án ní pàṣán, kò dìde mọ́.

Láti ìgbà tí àwọn ìjòyè ti ń kọ̀wé pé kí ìjọba padà sọ́wọ́ ọba ni Liuniang kò ti rí oorun sùn. Erin méjì ń jà, òun ni koríko abẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Tong, obìnrin tó ń po tíì láàfin, rí bó ṣe ń fọwọ́ kan okùn náà léraléra.

"Ìwọ àti okùn yẹn, ọ̀kan nínú yín máa já."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n tú u ńkọ́?"

"Kọ́kọ́ wo ẹni tó ní kó o tú u. Lẹ́yìn náà, wá ẹni tó máa sin ẹ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí wọ́n sọ̀rọ̀ yìí, Shen, àgbà ìjòyè, forí balẹ̀ níwájú aṣọ. "Kábíyèsí, ẹ ti ṣe ìyá, ẹ ti ṣe bàbá. Ọmọ yín ti dàgbà. Ẹ fún un ní ìlú rẹ̀."

Láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ, Liuniang rí Ìyá Ọba tó tú òǹtẹ̀ ìjọba kúrò ní ìgbànú rẹ̀, tó gbé e sórí tábìlì, tó sì dìde.

"Tú aṣọ yẹn," ni Shen wí.

Liuniang di okùn mú. Kò tú u. Shen tún un wí, ó ti ń bínú, ẹ̀ṣọ́ kan sì gbá idà rẹ̀ mú. Liuniang ń fetí sí ẹsẹ̀ Ìyá Ọba tó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tì ló tó fa okùn. Aṣọ já bọ́. Òǹtẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀.

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n wá pè é pé Ìyá Ọba ń fẹ́ ẹ. Ó yọ ìkótí irun rẹ̀ fún Tong. "Ẹ bá mi fún àbúrò mi." Tong gbà á, ó sì fi aṣọ wé e.

Ojú Ìyá Ọba wú.

"Liuniang, ta ló ní kó o tú u?"

"Ìgbà tí mo gbọ́ ilẹ̀kùn ni mo tú u, Kábíyèsí."

"Shen ti pàṣẹ kó tó dìgbà yẹn."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló pàṣẹ."

Ìyá Ọba mí kanlẹ̀. "Ká ní o gbọ́ tiẹ̀ ni, gbogbo wọn ì bá rí bí mo ṣe ń sunkún. Jókòó. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ èmi àtìwọ."

Láti ọdún mọ́kànlá, Liuniang kò jókòó níwájú rẹ̀ rí. Ó jókòó, ó sì bú sẹ́kún.